Ohun abẹ̀mí tó ń so ẹrẹ̀ inú omi pọ̀, láti Zeebrugge dé ọ̀sà Èkó

Ní etíkun Bẹ́ljíọ̀mù, láàárín Ostend àti ẹnu odò Scheldt, omi òkun máa ń pọ́n bí omi àgbàrá ní oṣù Kìíní. Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, omi kan náà á ti mọ́ dáadáa, débi pé àwòrán sátẹ́láìtì ń fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi: ìjì pọ̀ nígbà òtútù, ìgbì sì ń ru ìsàlẹ̀ òkun sókè. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ìkún àti ìfà òkun kì í gba ìsinmi. Ní Zeebrugge, èbúté kan ní etíkun yìí, ìyàtọ̀ láàárín òkun kíkún àti òkun fífà jẹ́ mítà 4.3 nígbà tó bá le jù lóṣù, mítà 2.8 nígbà tó bá rọjú, ìgbà òtútù ni o, ìgbà ooru ni o. Agbára ńlá tó ń ru ẹrẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹrẹ̀ náà gan-an ló yí padà. Nígbà ooru, ó ń ṣù pọ̀ di ńlá, ó sì ń yára rogún. Nígbà òtútù, ìṣùpọ̀ rẹ̀ kéré, ó sì ń pẹ́ lókè. Ohun tó fa èyí wà láàyè: ewédò tójú kò lè rí, bakitéríà, àti àwọn ẹranko kéékèèké tó ń jẹ wọ́n.

Àwọn alábòójútó èbúté ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ń dùn. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wà kúrò lọ́dọọdún ní èbúté àti ojú ọ̀nà ọkọ̀ etíkun Bẹ́ljíọ̀mù nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹrẹ̀ tó dà sókun máa padà gbà, tàbí ìgbà tí ojú ọ̀nà ọkọ̀ tún máa kún, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ẹrẹ̀ náà ṣe ń yára lọ sílẹ̀ nínú omi. Ọ̀pọ̀ ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ṣì ń mú iye kan ṣoṣo fún ìyára yìí látoṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Àṣìṣe ti wọlé látibẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ erùpẹ̀ kan. Èyí tí kò tó máíkírómítà 2 ni wọ́n ń pè ní amọ̀ (ẹgbẹ̀rún kan máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan). Láti 2 dé 63 ni erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, ohun tó bá ju 63 lọ ti di yanrìn. Ẹyọ amọ̀ tó fẹ̀ ní máíkírómítà 2, tó bá dá wà nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, kò lè lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lójúmọ́. Bí omi bá jìn ní mítà 10, oṣù kan gbáko ló máa gbà á kó tó kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi etíkun kì í dúró jẹ́ẹ́ ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ láàárín ìkún àti ìfà. Tó bá jẹ́ bí amọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, kò sí èbúté tí ẹrẹ̀ ì bá kún.

Àmọ́ amọ̀ kì í dá rìn. Nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye ẹyọ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra di ìṣùpọ̀ tó fẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà, ó lè máa lọ sílẹ̀ ní mìlímítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 10 tá a ní lẹ́ẹ̀kan, kò ní tó wákàtí mẹ́ta. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ìṣùpọ̀ yìí, ó sábà máa ń ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ìṣùpọ̀ ṣe ń tóbi sí i ló ń fúyẹ́ sí i ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Síbẹ̀ títóbi ló ń borí, ìyára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Iyọ̀ ni ìwé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ohun tó ń so amọ̀ pọ̀. Ojú amọ̀ ní agbára iná òdì, òdì sì máa ń ti òdì dànù. Nínú omi odò, àwọn ẹyọ amọ̀ ń sá fún ara wọn. Tí wọ́n bá wọnú omi oníyọ̀, èròjà sodium, magnesium àti calcium á yí wọn ká, agbára ìtì náà á rọ̀, wọ́n á lè sún mọ́ra débi tí òòfà tí kì í ṣiṣẹ́ bí kò ṣe níbi tó há gádígádí á ti mú wọn. Iyọ̀ tí èyí nílò kéré: gíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan ti tó kó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi òkun ní nǹkan bíi 35. Lẹ́yìn ìyẹn, iyọ̀ tó bá tún wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún un. Ibi tí àlàyé iyọ̀ ti dákú nìyẹn. Iyọ̀ etíkun Bẹ́ljíọ̀mù kì í yí padà púpọ̀ láàárín ọdún, àmọ́ ìṣùpọ̀ ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń yí padà gidi gan-an. Ìsopọ̀ tí iyọ̀ ń ṣe kò sì lágbára, omi líle díẹ̀, ìyẹn omi tó ń ru tó ń yí po, ti tó láti tú u ká.

Omi líle yẹn ní iṣẹ́ méjì. Òun ló ń mú kí erùpẹ̀ kọlu erùpẹ̀, láìsí i kò sí ìṣùpọ̀. Òun náà ló ń ya ìṣùpọ̀ tó bá tóbi jù. Ìwọ̀n tí ìṣùpọ̀ lè dé kì í sábà ju ìwọ̀n òyì omi (ibi tí omi ti ń yí po) tó kéré jù lọ nínú ìrúkèrúdò náà. Nígbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ìwọ̀n yẹn lè tó mìlímítà kan. Nígbà tí ìṣàn bá le dé góńgó lẹ́bàá ilẹ̀ òkun, ó lè wá sílẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Nítorí náà lójoojúmọ́, ní gbogbo ìkún àti ìfà, ẹrẹ̀ ń ṣù, ó ń tú, ó tún ń ṣù. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé báwo ni ìṣùpọ̀ ṣe lè gbó tó kó tó já.

Ewédò ló ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Diatom àti Phaeocystis (oríṣi ewédò tójú kò lè rí ni méjèèjì), bakitéríà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń tú ohun kan jáde lára tó ń yọ̀, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ṣúgà oríṣiríṣi tó so kọ́ra di okùn gígùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú èròjà purotéènì. Okùn kan lè gùn ju ẹyọ amọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, ó lè di amọ̀ méjì mú láìjẹ́ pé wọ́n fara kan ara wọn. Calcium inú omi òkun á tún wá so okùn mọ́ okùn. Ìṣùpọ̀ tí iyọ̀ nìkan so, bí wọ́n bá fà á, ṣe ló ń já. Èyí tí okùn wà nínú rẹ̀, ṣe ló ń nà, á sì padà.

Apá kan nínú ohun yíyọ̀ yìí máa ń dì di ègé tó mọ́ gaara bí gíláàsì. Ojú lásán kò lè rí i, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá kò rí i bí wọn kò bá pa á láró. Ní 1993 ni Alice Alldredge, Uta Passow àti Bruce Logan fi hàn pé ó kún inú òkun, TEP (transparent exopolymer particles) ni orúkọ ìkékúrú rẹ̀. Aró Alcian blue ni wọ́n ń lò: ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún aró náà, nínú ásíìdì acetic tó jẹ́ ìdá 0.06, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) jẹ́ 2.5. Wọ́n á sẹ́ omi òkun gba orí asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 0.4, wọ́n á da aró lé e, wọ́n á fi omi mímọ́ ṣan èyí tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà wọ́n á rẹ asẹ́ náà sínú ásíìdì sulfuric tó jẹ́ ìdá 80 fún wákàtí méjì, wọ́n á sì ka àwọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 787. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n máa fi agbára fa omi náà gba asẹ́ kọjá. TEP rọ̀, ó máa ń tẹ́ gba inú ihò já, iye tó máa jáde á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú omi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí, amọ̀ náà ń gba aró díẹ̀, ó sì tún ń dí asẹ́, tí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ fi ń di ti wákàtí.

Ìgbà tí wọ́n ń tú u jáde ṣe pàtàkì. Kì í ṣe ìgbà tí ewédò bá ń dàgbà tayọ̀tayọ̀ ni ohun yíyọ̀ yìí máa ń pọ̀ jù, bí kò ṣe nígbà tí oúnjẹ bá ń tán. Oòrùn ṣì ń ràn, ewédò ṣì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà, àmọ́ nitrogen tàbí phosphorus tó yẹ kó fi ṣúgà náà kọ́ ara tuntun ti wọ́n. Ó di dandan kó da àlékún rẹ̀ síta. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ewédò bá ti pọ̀ dé góńgó ni ẹrẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù gan-an. Ẹni tó bá wá ìbátan láàárín àwọ̀ ewé inú omi àti títóbi ìṣùpọ̀ ní ọjọ́ kan náà lè máà rí nǹkan kan.

Ní Òkun Àríwá, Phaeocystis globosa ló ń gbóde ní oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún. Nígbà tó bá ń kú, ohun yíyọ̀ rẹ̀ ni ìgbì ń pò di ìfóòfó funfun tó máa ń bo etíkun Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì. Ìfóòfó yìí kì í ṣe eré: ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2020, àwọn márùn-ún tó ń fi pátákó gun ìgbì kú sínú rẹ̀ ní Scheveningen ní Nẹ́dálándì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbá a jọ nípọn. Ohun tí àwọn èèyàn rí lókè yẹn, irú rẹ̀ kan náà ló ń so ẹrẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tó ń tẹ̀ lé e ní Zeebrugge takò ohun tí ojú ń rí. Omi òkè mọ́ nígbà ooru, ẹni tó bá wò ó á ní ẹrẹ̀ ti lọ. Kò lọ síbì kankan. Ó ti sọ̀kalẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀, ó ń kóra jọ di ẹrẹ̀ ṣíṣàn tó ki bí ẹ̀kọ mímu, tí ìṣàn ń ru díẹ̀ tó sì tún ń rogún lójú ẹsẹ̀. Sátẹ́láìtì kò lè rí i nítorí ojú omi nìkan ló ń wò. Ìdí nìyí tí àwọn èbúté bíi Rotterdam kì í fi ìró tó kọ́kọ́ padà látinú omi wọn ìjìnlẹ̀ fún ọkọ̀. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti ki tó tọ́ọ̀nù 1.2 nínú mítà oníhà-mẹ́ta ni wọ́n kà sí ilẹ̀. Ohun tó bá fúyẹ́ jùyẹn lọ, ọkọ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Kò wá túmọ̀ sí pé bí ohun yíyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìṣùpọ̀ á ṣe dára tó. Bó bá pọ̀ débi tó bo ojú amọ̀ pátápátá, kò ní sí ibi tí òpin okùn tó wá látara èkejì máa lẹ̀ mọ́, kálukú á wà nínú aṣọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti da èròjà tó ń mú omi tòrò ju ìwọ̀n lọ sínú omi ẹ̀rọ mọ irú èyí: omi náà á tún rú padà. TEP náà fúyẹ́ ju omi òkun lọ. Ìṣùpọ̀ tí TEP pọ̀ nínú rẹ̀ tí amọ̀ kò sì tó lè máa léfòó, kó dúró, tàbí kó lọ sókè pàápàá. Amọ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀. Bakitéríà tó wà lórí ìṣùpọ̀ náà kò kàn jókòó, wọ́n ń jẹ okùn yẹn. Tí omi bá gbóná tí oúnjẹ tuntun kò sì wọlé, ìṣùpọ̀ tó lágbára lánàá lè di ẹlẹgẹ́.

Àwọn ẹranko ní ọ̀nà tiwọn. Ọ́ísítà àti mọ́sẹ́lì ń sẹ́ ọ̀pọ̀ lítà omi lóòjọ́. Ohun tó bá ṣeé jẹ wọ́n á jẹ ẹ́, èyí tí kò ṣeé jẹ wọ́n á fi ikun yí i di ìṣù kékeré, wọ́n á sì tu ú dànù láìgbé e mì. Amọ̀ tí ì bá lo oṣù kan lókè ń kan ilẹ̀ láàárín wákàtí. Copepod, ẹranko wínníwínní tí ẹja kéékèèké ń jẹ, ń yàgbẹ́ tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bò, èyí náà ń já sílẹ̀ kíákíá. Lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí òkun ń fi sílẹ̀ tó bá fà, diatom ń tẹ́ awọ aláwọ̀ igi lé orí ẹrẹ̀, ìṣàn kò sì ní rọrùn láti hú u. Àmọ́ bí ekòló àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bá gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ tàbí tí ìgbín omi bá jẹ awọ náà, ilẹ̀ á tún rọ̀. Ohun abẹ̀mí ń so, ohun abẹ̀mí sì ń tú.

Ọ̀rọ̀ wá dé etíkun tiwa. Níbí, ìgbà ìrúwé kọ́ ló ń pín ọdún, òjò ni. Ọ̀sà Èkó kò jìn, ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ lọ, ẹnu kan ló sì ní sókun. Nígbà òjò, odò Ògùn, Májìdún, Ọ̀ṣun àti àwọn yòókù ń da omi pupa sínú rẹ̀ títí iyọ̀ ọ̀pọ̀ apá rẹ̀ fi ń sún mọ́ òdo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun ń wọlé padà. Adágún Nokoué lẹ́bàá Cotonou rí bákan náà láti 1885 tí wọ́n ti la ọ̀nà omi síbi tí òkun ń gbà wọlé.

Ìyàtọ̀ àwa àti àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù wà níbẹ̀: tiwọn, iyọ̀ dúró sójú kan, ewédò ló ń yí padà. Tiwa, méjèèjì ń yí padà pọ̀. Nínú omi òjò tó rú, ìmọ́lẹ̀ kò wọlé, ewédò kò lè pọ̀, iyọ̀ kò sí, amọ̀ kò rí ohun tó máa so ó pọ̀, ó ń bá omi lọ jìnnà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi mọ́, diatom ń pọ̀, iyọ̀ ti dé, erùpẹ̀ tó bá wọlé kì í pẹ́ rogún. Àkókò tó yẹ kéèyàn ṣọ́ jù ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí àgbàrá àkọ́kọ́ tó kún fún amọ̀ bá pàdé omi tó ṣì ní iyọ̀ àti ohun yíyọ̀ oṣù mélòó kan nínú.

Àwọn tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà gbọ́dọ̀ mọ èyí. Yanrìn ni wọ́n fẹ́, àmọ́ amọ̀ ló ń bá omi tó ń ṣẹ́ padà sínú ọ̀sà lọ. Omi rírú tí ẹ̀rọ kan dà sílẹ̀ lóṣù Kejì lè rogún nítòsí. Ẹ̀rọ kan náà, níbì kan náà, lóṣù Keje, lè ba omi jẹ́ dé ibi tí àwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n sí lọ́nà jíjìn. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá fi ọjọ́ kan ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti gba ìwé àṣẹ kò lè sọ nǹkan kan nípa ti òjò.

Ìdọ̀tí ilé, omi ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń dà sọ́sà ní Ìddó, àti lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ń fi oúnjẹ fún bakitéríà àti ewédò, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ fi kún ohun tó ń so ẹrẹ̀. Water hyacinth, ewéko tó ń léfòó tó ti wà nínú omi Èkó láti 1984, ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tó rí bí irùngbọ̀n gbé amọ̀. Tí iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bá pa á, òun àti ẹrù ẹrẹ̀ rẹ̀ á jọ rì. Ní Nokoué, àwọn apẹja Ganvié àti àgbègbè rẹ̀ ń gbin ẹ̀ka igi sínú omi, acadja ni wọ́n ń pè é. Awọ ewédò ń bo àwọn ẹ̀ka náà, ẹja ń wá jẹ ẹ́. Ẹ̀ka náà ń dá ìṣàn dúró, awọ rẹ̀ ń gbá amọ̀ mú, igi rẹ̀ ń jẹrà, ilẹ̀ adágún sì ń ga.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ìṣùpọ̀ kì í gba kéèyàn gbé e. Tí wọ́n bá fi pọ́ǹpù fa omi, tàbí tí wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ tóóró ara ìgò ìbomi, ìṣùpọ̀ ti fọ́ kó tó dé yàrá ìwádìí. Inú omi níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ léésà bíi LISST-100. Èyí tí wọ́n ń lò jù nínú rẹ̀ ń ka láti máíkírómítà 2.5 dé 500 ní ìpele 32. Ìṣùpọ̀ tó bá ju 500 lọ kì í pòórá, ó ń da ìpele tó kẹ́yìn rú, tí yóò fi dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ kóra jọ síbẹ̀. Ewédò tún máa ń hù sójú gíláàsì rẹ̀ nígbà ooru, nọ́ńbà á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹrẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ka ẹrẹ̀ ní àrùn tirẹ̀: ojú ara ohun tó wà nínú omi ló ń rí, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó sójú ìwọ̀n nígbà òtútù tí ìṣùpọ̀ kéré, á ka iye tó kéré ju ti gidi lọ nígbà ooru.

Sísẹ́ àti wíwọ̀n lórí òṣùwọ̀n rọrùn, àmọ́ iyọ̀ ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ká ní wọ́n sẹ́ mílílítà 200 omi òkun tó ní mílígíráàmù 50 ẹrẹ̀ nínú lítà kan. Mílígíráàmù 10 péré ni ẹrẹ̀ tó máa wà lórí asẹ́. Tí ìdajì mílílítà omi òkun bá ṣẹ́kù sínú asẹ́ náà tí wọ́n kò fi omi dísítílì ṣàn án, mílígíráàmù 17 iyọ̀ ló máa gbẹ síbẹ̀. Iyọ̀ ti ju ẹrẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, títí kan etí asẹ́ tí ife ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó sá a gbẹ ní 105°C. Tí wọ́n bá wá sun ún ní 550°C láti mọ iye ohun abẹ̀mí inú rẹ̀, kí wọ́n rántí pé amọ̀ náà ní omi nínú ara tó ń jáde nínú iná yẹn, iye tó bá jáde sì máa ń ju ti ohun abẹ̀mí gidi lọ.

Ọ̀nà kan wà tó ń fi iṣẹ́ ohun yíyọ̀ yẹn hàn láìní àríyànjiyàn. Wọ́n á ka títóbi ìṣùpọ̀ nínú omi níbi tó wà. Wọ́n á bu omi kan náà lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n á da hydrogen peroxide sí i kó jẹ gbogbo ohun abẹ̀mí, wọ́n á fi ẹ̀rọ ìró gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì tún kà á. Ohun tó jẹ́ máíkírómítà igba nínú òkun lè di méjì sí mẹ́wàá lórí tábìlì. Nọ́ńbà orí tábìlì yẹn ló ṣì ń wọnú ọ̀pọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi ń gbẹ́ èbúté, nítorí òun ló rọrùn láti rí. Bí owó kò bá tó fún ẹ̀rọ inú omi, ó kéré tán kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún níbi: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ òjò, àti nígbà tí odò bá kún dé góńgó, kí wọ́n sì fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ìyára ìrogún tirẹ̀.